Bí igbó ṣe lè dé orí ìwé ìdìbò: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ kó ìbuwọ́lù jọ ní Ohio

Ní oṣù Keje ọdún 2023, àwọn tó ń polongo kí igbó mímu bófin mu ní ìpínlẹ̀ Ohio kó ìbuwọ́lù 222,198 lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé ìpínlẹ̀, ẹni tó ń bójú tó ìdìbò níbẹ̀. 124,046 ni òfin bèèrè lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá gbọ́ á ní iṣẹ́ ti parí. Nígbà tí ìjọba yẹ ìwé náà wò tán, ìbuwọ́lù 679 ló kù kí ó pé. Nínú gbogbo àwọn tó dúró lójú títì, tí wọ́n gba bírò, tí wọ́n kọ orúkọ wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí orúkọ wọn kò wúlò.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn èèyàn fẹ́ ẹ, wọ́n sì ń fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n kọ ni kì í bá ìwé àkọsílẹ̀ olùdìbò mu. Èmi náà gbé ìwé kiri ní Columbus lọ́dún yẹn, mo sì mọ bó ṣe rí kí èèyàn dúró nínú oòrùn láti àárọ̀ kí ó tó gbọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tó kó jọ ti já sí asán. Ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí ni mo ì bá ti mọ̀ kí n tó jáde lọ́jọ́ kìíní.

Ṣé ọ̀nà yìí tilẹ̀ wà níbi tí ẹ ń gbé?

Bí ìdajì àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ló fún aráàlú láyè láti fi ìbuwọ́lù gbé òfin lọ sórí ìwé ìdìbò. Ẹ̀yin tó wà ní Atlanta, ìpínlẹ̀ Georgia kò ní in. Ẹ̀yin ará Houston, Texas kò ní in fún gbogbo ìpínlẹ̀, àwọn ìlú kan ló ní tiwọn. Àwọn ará Austin lò ó ní 2022 kí ọlọ́pàá má baà máa mú èèyàn nítorí igbó díẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ sì gbé wọn lọ sí kóòtù lórí rẹ̀. Ní Maryland tí àwa Yorùbá pọ̀ sí, ilé aṣòfin ló gbé ìbéèrè náà síwájú olùdìbò ní 2022, kì í ṣe aráàlú ló kó ìbuwọ́lù.

Fún àwọn tó ń bi mí bóyá a lè ṣe irú rẹ̀ nílé: òfin Nàìjíríà kò ní ọ̀nà yìí. Ohun tó súnmọ́ ọn jù ni ìbuwọ́lù tí wọ́n fi ń pe aṣòfin padà wálé, èyí tó wà ní abala 69 ìwé òfin ọdún 1999. Èèyàn kò lè ti ibẹ̀ ṣe òfin tuntun.

Òfin Ohio ni màá máa lò láti ibí lọ. Bí ẹ bá wà ní ìpínlẹ̀ míì, ètò iṣẹ́ náà kò ní yàtọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n iye ìbuwọ́lù àti ọjọ́ máa yàtọ̀. Ìbò tí ẹ nílò náà lè yàtọ̀. Ní Florida, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 56 nínú 100 olùdìbò tó ní bẹ́ẹ̀ ni sí igbó ní 2024, síbẹ̀ kò wọlé, nítorí 60 ni ìpínlẹ̀ yẹn ń bèèrè. Ní Ohio, ẹni tó bá ti ju ìdajì lọ ti wọlé.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Èèyàn 3 sí 5 tí orúkọ wọn máa wà lórí ìwé gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ tó gbé e wá. Ẹ yan àwọn tí kò ní sá bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù.
- Agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìdìbò Ohio. Lọ́yà tó bá yín ṣe ìwé ìgbélùú tàbí ìwé ilé kọ́ ni mò ń wí.
- Akápò kan àti àkáǹtì báńkì tó dá dúró, kí ẹnikẹ́ni tó fi dọ́là kan sílẹ̀. Gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde lẹ máa jábọ̀ fún ìjọba.
- Àkọsílẹ̀ orúkọ gbogbo olùdìbò Ohio. Ọ̀fẹ́ ni lórí ìkànnì akọ̀wé ìpínlẹ̀. Láìsí i, afọ́jú lẹ fi ń ṣiṣẹ́.
- Ìwé ìbuwọ́lù tí wọ́n tẹ̀ dáadáa, tí gbogbo ọ̀rọ̀ òfin náà wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìwé náà máa nípọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já abala kan kúrò nínú rẹ̀ kí ó lè fúyẹ́ lọ́wọ́.
- Pátákó tí wọ́n fi ń há ìwé mọ́ra, bírò tó pọ̀, àti ọ̀rá tí ẹ máa fi bo ìwé bí òjò bá dé. Mo ti rí ojú ewé tí omi fọ orúkọ 11 kúrò lórí rẹ̀.
- Kàlẹ́ńdà tí gbogbo yín lè rí. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ ní Ipele 6.

Ìkìlọ̀ fún àwa tí kò tíì di ọmọ onílùú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ibí yìí. Olùdìbò tó ti forúkọ sílẹ̀ nìkan ló lè fọwọ́ sí ìwé yìí, ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nìkan ló sì lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Bí gíríìn kádì lẹ ṣì ní, ẹ má fọwọ́ sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún yín ní fọ́ọ̀mù olùdìbò pé kí ẹ kàn kọ ọ́. Ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní ọmọ onílùú nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀ lè bá ara rẹ̀ nínú bàálù tó ń lọ sí Èkó. Owó náà ń kọ́? Òfin tí Ohio ṣe ní 2024 ka ẹni tó ní gíríìn kádì mọ́ àwọn tí kò gbọ́dọ̀ náwó sí irú ìpolongo yìí. Kí ẹ bi lọ́yà kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀.

Èyí tó burú jù ni pé òfin ìpínlẹ̀ kò gba àlejò lọ́wọ́ òfin ìjọba àpapọ̀. Láti 2019 ni iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìwé ọmọ onílùú ti sọ ọ́ jáde pé ẹni tó bá mu igbó tàbí tó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ igbó lè má rí ìwé ọmọ onílùú gbà, kódà ní ìpínlẹ̀ tó ti fàyè gbà á. Bí ẹ bá ń gbé ìwé kiri láàárín àwọn ará wa, ẹ máa sọ ọ́ fún wọn. Ẹ kò lè fẹ́ràn igbó ju ọmọ ìyá yín lọ.

Ipele 1: Ẹ kọ òfin tí olùdìbò máa gbà, tí kóòtù kò sì ní fagi lé

Ohun méjì ló máa ń pa ìwé òfin kí ó tó jáde nílé. Èkíní ni kí ó máa rùn bí ìwé àwọn olówó. Ní 2015, àwọn kan gbé igbó síwájú ará Ohio, ṣùgbọ́n ilẹ̀ 10 péré ni ìwé wọn gbà láyè láti gbin igbó títà, àwọn tó náwó sí ìpolongo náà ló sì ni àwọn ilẹ̀ náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 64 nínú 100 tó ní àwọn kò fẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó dìbò rárá lọ́jọ́ náà kò bá igbó jà. Wọn kò kàn fẹ́ kí èèyàn díẹ̀ dá gbogbo ọjà jẹ ni.

Èkejì ni kí ẹ kó ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù sínú ìwé kan. Ní South Dakota, olùdìbò gbà á ní 2020, ó tó 54 nínú 100. Ọdún kejì, kóòtù tó ga jù níbẹ̀ fagi lé e pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo iṣẹ́ yẹn ṣòfò lórí bí wọ́n ṣe kọ ìwé.

Ẹ wo èyí tó wọlé ní Ohio ní 2023 bó ṣe ṣe kedere tó: ẹni tó pé ọdún 21 lè ní igbó tó wọ̀n tó áńsì 2.5 lọ́wọ́, ó lè gbin igi igbó 6 sílé, kí ilé kan má ju igi 12 lọ, owó orí ìdá 10 nínú 100 lórí ohun tí wọ́n bá tà. Ìyá arúgbó lè gbọ́ ọ kí ó sì tún un sọ fún ẹlòmíì.

Ẹ tún máa yàn bóyá òfin lásán lẹ fẹ́ ṣe tàbí ẹ fẹ́ yí ìwé òfin ìpínlẹ̀ padà. Ti òfin lásán gba ìbuwọ́lù ìdá 3 nínú 100 iye ìbò tí wọ́n dì fún gómìnà kẹ́yìn, ní ẹ̀ẹ̀mejì, ti ìwé òfin gba ìdá 10 lẹ́ẹ̀kan. Òfin lásán rọrùn jù, àmọ́ aṣòfin lè tún un ṣe bó ṣe wù wọ́n lọ́la. Lójú tèmi, ẹgbẹ́ tí kò ní owó ńlá lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ fojú sí ti ìdá 10.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fún ẹni tó kórìíra igbó ní ìwé náà kà. Bí ó bá lè sọ ohun tó wà níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan láì ṣì í sọ, ẹ ti kọ ọ́ dáadáa.

Ipele 2: Ìbuwọ́lù 1,000 àti àkópọ̀

Kí ẹ tó lè jáde lọ bá gbogbo ìlú, ẹ máa kọ́kọ́ kó ìbuwọ́lù olùdìbò 1,000 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ òfin náà àti àkópọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ṣókí, lọ fún agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀. Ọjọ́ 10 ló ní láti sọ bóyá àkópọ̀ yín sọ òtítọ́ ohun tó wà nínú òfin. Lẹ́yìn rẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwé ìdìbò máa wò ó bóyá òfin kan ṣoṣo ni.

Ibi tí wọ́n ti ń kọsẹ̀ ni àkópọ̀. Wọ́n máa ń kọ ọ́ bí ìpolówó ọjà: èyí tó dùn nìkan ni wọ́n ń fi síbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2021, agbẹjọ́rò àgbà dá àkópọ̀ tí ẹgbẹ́ Ohio kọ́kọ́ gbé wá padà, ó ní ó fi àwọn nǹkan kan sílẹ̀. Wọ́n tún un kọ, ó sì gbà á nínú oṣù yẹn kan náà. Ẹ kọ èyí tó dùn àti èyí tó korò síbẹ̀: owó orí, ìyà, ohun tí agbanisíṣẹ́ ṣì lè ṣe.

Ẹ má kó 1,000 géérégé lọ. Bí ẹ bá ní 2,000 lọ́wọ́, ọkàn yín máa balẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Lẹ́tà agbẹjọ́rò àgbà tó ní ó tọ́, àti ìpinnu ìgbìmọ̀ ìwé ìdìbò. Kí méjèèjì tó dé ọwọ́ yín, ẹ má tẹ ìwé ìbuwọ́lù kankan.

Ipele 3: Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó jáde

Iye tí òfin bèèrè kọ́ lẹ máa lé. Iye tó máa kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ìdọ̀tí kúrò lẹ máa lé. Ẹ fi 124,046 ti 2023 ṣe àpẹẹrẹ. Bí 55 nínú 100 ìbuwọ́lù yín bá dúró (bó ṣe rí gan-an fún wọn nìyẹn), ẹ máa kó bí 225,500 kí ẹ tó bọ́. Bí 75 bá dúró, 165,400 ti tó. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ 60,000 èèyàn tí ẹ kò ní lọ bẹ̀ lójú títì. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé kí wọ́n fi wákàtí méjì kọ́ agbéwèé, ìyẹn ẹni tó ń gbé ìwé ìbuwọ́lù kiri, kí wọ́n tó fún un ní bírò.

Ìṣirò kejì ni ti káńtì, ìyẹn àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ sí. Ohio ní káńtì 88. Ó kéré tán, nínú 44 lára wọn, ìbuwọ́lù yín gbọ́dọ̀ tó ìdá 1.5 nínú 100 ìbò gómìnà ti káńtì náà. Gbogbo èèyàn ló máa ń rọ́ sí Columbus, Cleveland àti Cincinnati nítorí ibẹ̀ ni èrò wà. Àwọn ìlú mẹ́ta yẹn lè fún yín ní gbogbo iye tí ẹ nílò, kí ẹ sì ṣubú lórí káńtì. Ẹ yan bí 55, kí ẹ sì rán èèyàn lọ sí àwọn ìlú oko ní kùtùkùtù. Ọjà ọdọọdún àwọn àgbẹ̀ ní àwọn káńtì yẹn wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ má fojú kékeré wo pínpín yìí. Ní Mississippi, igbó ìwòsàn wọlé ìbò ní 2020. Ní 2021, kóòtù fagi lé e nítorí ìwé òfin wọn ní kí ìbuwọ́lù ti agbègbè márùn-ún wá, bẹ́ẹ̀ mẹ́rin péré ni agbègbè tí ìpínlẹ̀ náà ní láti bí ogún ọdún sẹ́yìn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ìwé kan tí orúkọ káńtì 55 wà lórí rẹ̀, iye tí káńtì kọ̀ọ̀kan nílò, ẹni tó ń rí sí i, àti iye tó ti wọlé. Ẹ máa tún un kọ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú.

Ipele 4: Ẹ gbé ìwé jáde

Ibí ni ìbuwọ́lù ti ń yè, ibí náà ni wọ́n sì ti ń kú, nítorí náà màá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

*Ibi tí ẹ máa dúró.* Ẹ̀bá títì ìjọba, iwájú ilé ìkàwé, ọgbà ìṣeré, ìta yunifásítì. Ibi ìtajà jẹ́ ilẹ̀ olónílẹ̀, ẹ gbàyè kí ẹ tó dúró. Ọjọ́ ìdìbò ló dára jù, nítorí gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ti forúkọ sílẹ̀, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn àsíá kékeré tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní 100 ẹsẹ̀ bàtà sí ẹnu ọ̀nà ibùdó.

*Ìbéèrè kìíní.* Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igbó. Ẹ kí èèyàn, kí ẹ wá bi í pé: "Ṣé ẹ ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní Ohio? Àdírẹ́sì wo lẹ fi sílẹ̀?" Agbéwèé tuntun máa ń yára sọ ti igbó, inú ẹni náà á dùn, á gba bírò, á kọ àdírẹ́sì ilé tó kó dé lóṣù tó kọjá. Orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́sì àtijọ́. Ìbuwọ́lù ti kú nìyẹn. Ìkànnì VoteOhio.gov wà lórí fóònù: kò gbà tó ìṣẹ́jú kan láti wò ó. Bí àdírẹ́sì bá ti yí padà, ẹ jẹ́ kí ó tún un ṣe níbẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí i.

*Orúkọ wa.* Èyí kan àwa gan-an. Oluwaseun ló wà nínú àkọsílẹ̀, Seun ló kọ. Orúkọ ọkọ ló wà lórí ìwé àṣẹ ìwakọ̀, orúkọ bàbá ló fi forúkọ olùdìbò sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ẹ ní kí olúkúlùkù kọ orúkọ bó ṣe wà nínú àkọsílẹ̀, kí ó fi lẹ́tà tó hàn kọ ọ́, kí ó sì fọwọ́ sí i bó ṣe ń fọwọ́ sí ìwé ìjọba.

*Káńtì kan, ìwé kan.* Orúkọ káńtì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìbuwọ́lù kan. Bí ẹ bá da wọ́n pọ̀, káńtì tó pọ̀ jù níbẹ̀ nìkan ni wọ́n máa kà, ìyókù ṣègbé. Ẹ̀yin ará Columbus, ẹ ṣọ́ra: ìlú Reynoldsburg nìkan wà nínú káńtì mẹ́ta, Franklin, Licking àti Fairfield. Westerville wà ní Franklin àti Delaware. Ẹ má bi èèyàn ní "ìlú wo lẹ ń gbé," ẹ bi wọ́n ní káńtì, bí wọn kò bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ wò ó lórí fóònù. Pátákó mẹ́rin ni mo máa ń gbé, mo fi kálà yà wọ́n sọ́tọ̀.

*Ọwọ́ olúwarẹ̀.* Bàbá á ní kí òun bá ìyàwó òun fọwọ́ sí i, pé ó wà nínú ọkọ̀ lọ́hùn-ún. Rárá, sà. Kí màmá sọ̀ kalẹ̀, tàbí kí n gbé ìwé lọ bá wọn. Tádà ni kí wọ́n fi kọ ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsù. Kí olúwarẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ àdírẹ́sì àti ọjọ́. Kí agbéwèé sì fojú ara rẹ̀ rí gbogbo ẹni tó fọwọ́ sí i: ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ìwé sílẹ̀ lórí káńtà ṣọ́ọ̀bù kí ẹ wá padà wá kó o nírọ̀lẹ́.

*Àwọn àgbà wa.* Ọjọ́ Sátidé kan, mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa kan lójú ọ̀nà Morse, ẹni tó ni ín ti fún mi láyè. Màmá kan jáde pẹ̀lú isu méjì nínú ọ̀rá. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó wò mí.

"Igbó kẹ̀? Ṣé ìyá ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tí o ń ṣe nìyí?"

"Wọ́n mọ̀, mà. Ẹ má bínú. Mi ò ní kí ẹ mu ún. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí àwa aráàlú dìbò lórí rẹ̀ ni. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹ ṣì lè dìbò rárá ní oṣù Kọkànlá."

Ó gbé isu sílẹ̀. Ó ní òun kò ní fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n òun máa sọ fún ọmọ òun ọkùnrin, nítorí ọmọ náà ló ń dìbò nílé wọn. Ọmọ náà wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sì mú ọ̀rẹ́ mẹ́ta dání. Òótọ́ ni ohun tí mo sọ fún màmá: ìbuwọ́lù kì í ṣe ìbò. Ọ̀pọ̀ tí kò fẹ́ igbó máa fọwọ́ sí i bí ẹ bá sọ èyí fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹni tó bá sì ní rárá, ẹ kí i, kí ẹ yà kúrò. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ fi bá ẹnì kan jiyàn, èèyàn mẹ́ta ti kọjá.

Ẹ máa sọ òtítọ́ kan sí i fún àwọn tó bá bèèrè: ìwé yìí kì í ṣe àṣírí. Ẹnikẹ́ni lè lọ wò ó lọ́dọ̀ ìjọba, títí kan ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọn.

*Ọ̀rọ̀ ìbúra agbéwèé.* Lẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan ni agbéwèé ti máa kọ iye ìbuwọ́lù tó rí, tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ sí i. Èyí ti ba iṣẹ́ jẹ́ ju ohun gbogbo lọ. Bí iye tó kọ bá kéré sí iye tó wà nínú ìwé, wọ́n lè da gbogbo ìwé náà nù. Ó kọ 23, 24 ló wà níbẹ̀: 24 èèyàn ti lọ. Nítorí náà, ẹ má kọ iye náà kí ẹ tó parí. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹlòmíì kà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń gbowó fún iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó gbà á síṣẹ́. Irọ́ pípa nínú ìbúra yìí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, ìwé náà gan-an sì kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ mú orúkọ 20 láì ṣà wọ́n, kí ẹ wá wọn nínú àkọsílẹ̀ olùdìbò. Bí 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá bá a mu, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí kò bá tó 15, ẹ má rán agbéwèé yẹn jáde lọ́la kí ẹ tó jókòó tì í kí ẹ rí ibi tó ti ń ṣì í ṣe. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àdírẹ́sì ni kì í bèèrè.

Ipele 5: Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ìjọba tó yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ ya ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn sọ́tọ̀ fún èyí. Ẹ to ìwé ní káńtì-káńtì, kí ẹ wá orúkọ kọ̀ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀. Òfin gba agbéwèé láyè láti fagi lé ìbuwọ́lù tí kò fẹ́ kí wọ́n kà, níwọ̀n ìgbà tí ìwé kò bá tíì dé ọ́fíìsì ìjọba. Ẹni tó fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fagi lé ọ̀kan. Ìwé tí ìbúra rẹ̀ kò pé, ẹ pe agbéwèé náà padà. Ẹ má ṣe kọ nǹkankan kún ohun tí olùfọwọ́sí kọ, kódà bí ẹ bá mọ àdírẹ́sì tó tọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ní iye kan tí ẹ lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún, tó fi ìdá 10 ju iye tí òfin bèèrè lọ, àti káńtì tó ju 44 lọ dáadáa.

Ipele 6: Kàlẹ́ńdà

Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa kó ìbuwọ́lù. Ti àkọ́kọ́ máa gbé òfin náà síwájú ilé aṣòfin, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ ó kéré tán ọjọ́ 10 kí ìjókòó wọn tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n ní. Bí wọn kò bá ṣe nǹkankan, ẹ máa kó ìdá 3 míì láàárín ọjọ́ 90, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ní ọjọ́ 125 ṣáájú ìdìbò oṣù Kọkànlá. Ẹ fi ìka yín kà á: ọjọ́ 125 yìí máa jẹ lára ọjọ́ 90. Ní 2023, oṣù mẹ́rin parí ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi ìwé sílẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Keje. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Bí ìbuwọ́lù kò bá pé, ìjọba máa fún yín ní ọjọ́ 10 láti kó èyí tó kù. Ní 2023, wọ́n mú 6,545 wá lórí 679 tó kù, 4,405 dúró, wọ́n sì bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ipele àkọ́kọ́ ṣáájú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2021, wọ́n kó 206,943 wá, 119,825 ló dúró, 13,062 ló kù. Wọ́n kó ìyókù wá ní oṣù Kìíní 2022, ó sì pé. Àwọn aṣòfin ní ó ti pẹ́ jù fún ìjókòó ọdún náà. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, wọ́n parí ìjà pé kí ìbuwọ́lù náà dúró ṣùgbọ́n kí ilé aṣòfin gbà á ní oṣù Kìíní 2023. Odindi ọdún kan lọ nítorí ìbuwọ́lù 13,062. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń ka ọjọ́ 10 yẹn sí ara ètò. Okùn ìgbàlà ni.

Síbẹ̀, ẹ má tú agbéwèé ká lọ́jọ́ tí ẹ bá fi ìwé sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí 50 nínú wọn mọ̀ pé ìpè lè dé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Lẹ́tà akọ̀wé ìpínlẹ̀ tó sọ iye tó dúró àti pé ẹ ti wà lórí ìwé ìdìbò.

Ipele 7: Ìbò

Láti ibí, ìpolongo ni bí ìpolongo yòókù. Ohun tí mo rí pé ó ń wọlé sí etí àwọn ará wa kò ju méjì lọ: pé àwọn ọmọ ń ra igbó báyìí lọ́wọ́ ẹni tí kò ní bi wọ́n ní ọjọ́ orí, àti pé owó orí rẹ̀ lè wọ àpò ìlú dípò àpò ẹni tí a kò mọ̀. Ẹ má sọ pé igbó kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Kì í ṣe òótọ́, àwọn ìyá tó ti rí ohun tó ṣe fún ọmọ wọn kò sì ní gbọ́ gbólóhùn kejì lẹ́nu yín. Ẹ bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n dìbò ní kùtùkùtù, kí wọ́n tó gbàgbé.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá 2023, 57 nínú 100 olùdìbò Ohio ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Òfin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 30. Títà fún àgbàlagbà kò bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù Kẹjọ 2024, àwọn ìlú kan sì ní kí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ má dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ìparí 2025, ilé aṣòfin tún òfin náà ṣe, bí mo ṣe kìlọ̀ ní Ipele 1 pé wọ́n lè ṣe. Ẹni tí kò bá fara mọ́ irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ lè kó ìbuwọ́lù láti dá a dúró, ṣùgbọ́n ìdá 6 nínú 100 ni, láàárín ọjọ́ 90. Nítorí náà, ẹ tọ́jú orúkọ àti nọ́ńbà fóònù gbogbo agbéwèé yín, ní káńtì-káńtì, síbi tí ẹ ti lè rí i láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀.